Hurling, Ọjà Sátidé àti Àwa Tá A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Kó Dé Ireland: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí Jù

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Àwọn èèyàn wa tó ń kó bọ̀ ní Ireland, pàápàá àwọn tó ríṣẹ́ sí Limerick níbí, máa ń pè mí gan-an, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa ń bi mí ṣáá, ni mo bá ní kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ jọ síbì kan. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ẹ̀yìn ọjà Bódìjà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe níbí, September 2017 lèmi àti ọkọ mi dé pẹ̀lú ọmọ méjì. Ohun tójú mi rí ni mò ń sọ o, èmi kì í ṣe agbẹnusọ ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè: Àǹtí, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ilé ni, Sunday ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ni mo fẹ́ fi eré ìdárayá wọn ṣe?

Bí èmi náà ṣe sọ ọ́ lọ́dún àkọ́kọ́ nìyẹn. Nǹkan bí oṣù mẹ́wàá ni mo fi gbé àdúgbò kan tí mi ò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú ilé mẹ́wàá tó yí mi ká, ẹ wá wo èmi tó jẹ́ pé nílé, kí n tó rìn dé ibi tí mo ti máa wọkọ̀ láàárọ̀ màá ti kí èèyàn ogún. Ní December níbí, bíi aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ á ti ṣú, òjò á máa rọ̀ wẹliwẹli, kálukú á ti tilẹ̀kùn ẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn lágbára o. Mo mọ ẹni tó jẹ́ pé òun ló sọ ọ́ di aláìsàn, owó wà lọ́wọ́ ẹ̀, iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ ẹ̀.

Ohun tí mi ò tètè mọ̀ ni pé àwọn ará ibí níbi tí wọ́n ti ń pàdé ara wọn, èmi ni mi ò débẹ̀. Pápá ni. Ẹgbẹ́ tó ń bójú tó eré ìbílẹ̀ wọn, bíi hurling, ń jẹ́ GAA, ìlú Thurles ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní November 1, 1884, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló sì ní kílọ́ọ̀bù tiẹ̀, bí àwọn ìjọ Kátólíìkì ṣe pín àdúgbò náà ni wọ́n sábà máa ń fi pín in. Wọn kì í sanwó fáwọn agbábọ́ọ̀lù wọn o. Àní àwọn tó ń gbá a níwájú èèyàn tó lé ní 80,000 ní Croke Park ní Dublin, lọ́jọ́ Monday ẹ máa bá wọn lẹ́nu iṣẹ́, òmíì tíṣà, òmíì àgbẹ̀, òmíì ń ṣe wáyà iná. Nítorí náà ẹni tẹ́ ẹ rí lórí tẹlifíṣọ̀n lánàá lè jẹ́ tíṣà ọmọ yín. Tẹ́ ẹ bá wọ kílọ́ọ̀bù, àdúgbò lẹ wọ̀ yẹn.

Ẹ má sì fojú eré lásán wò ó. Ní November 21, 1920, nígbà tí wọ́n ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà fún òmìnira, àwọn agbófinró ìjọba yẹn yìnbọn lu èrò tó wá wòran ní Croke Park, èèyàn mẹ́rìnlá ló bá a lọ. Agbábọ́ọ̀lù Tipperary kan tó ń jẹ́ Michael Hogan wà nínú wọn, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi sọ apá kan lára ibi ìjókòó pápá yẹn títí dòní. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ìtàn yẹn ẹ máa mọ ìdí tí arúgbó fi ń sunkún tórí eré.

Ìbéèrè: Hurling gan-an kí ni? Mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, ó dà bíi pé wọ́n ń jà.

Wọn ò jà, ó kàn yá ni. Igi kan tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n ń lò, hurley lorúkọ ẹ̀, camán lédè tiwọn. Bọ́ọ̀lù ẹ̀ kéré, awọ ni wọ́n fi rán an, ó ń jẹ́ sliotar, ẹ pè é bíi "ṣílítà". Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lápá kan, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lápá kejì. Wọ́n lè fi igi gbá a nílẹ̀, wọ́n lè gbá a lófuurufú, wọ́n lè fọwọ́ hán an, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ mú un nílẹ̀, igi ló gbọ́dọ̀ fi gbé e. Tó bá sì wà lọ́wọ́ ẹ, o ò gbọ́dọ̀ gbé ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa á gbé bọ́ọ̀lù sórí igi á máa fi sáré, kò ní já bọ́, ẹ máa ní ó fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni.

Tàwọn obìnrin ń jẹ́ camogie. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwọn náà wà, Gaelic football, ìyẹn rọrùn díẹ̀ fẹ́ni tó ti mọ bọ́ọ̀lù tiwa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé Limerick, hurling ni kó kọ́kọ́ kọ́.

Ìbéèrè: Wọ́n á kọ 3-16, 2-18. Ta ló wá jẹ nínú wọn?

Ìṣirò kékeré ni. Òpó méjì ló wà ní ìkángun kọ̀ọ̀kan pápá, igi kan dábùú láàárín wọn, àwọ̀n wà nísàlẹ̀ igi náà. Tí bọ́ọ̀lù bá gba òkè igi ìdábùú láàárín òpó méjèèjì, pọ́íǹtì kan, àwọn tó dúró síbẹ̀ tó wọ kóòtù funfun bíi ti dókítà á gbé àsíá funfun sókè. Tó bá wọnú àwọ̀n, góòlù nìyẹn, àsíá àwọ̀ ewé ni wọ́n máa gbé, pọ́íǹtì mẹ́ta ni góòlù kan. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ góòlù, ìkejì pọ́íǹtì.

Ẹ jẹ́ ká fi ti August 19, 2018 kọ́ ọ, ọjọ́ àṣekágbá ìdíje hurling gbogbo Ireland. Limerick 3-16, Galway 2-18. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mẹ́sàn-án, ẹ fi 16 kún un, ó di 25. Galway, mẹ́ta lọ́nà méjì jẹ́ mẹ́fà, ẹ fi 18 kún un, 24. Pọ́íǹtì kan péré! Ọdún 1973 ni Limerick ti gba ife yẹn kẹ́yìn, ọdún márùnlélógójì gbáko.

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Bàbá kan wà lára àwọn tá à ń tọ́jú, wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin, wọ́n wà ní Croke Park lọ́dún 1973 nígbà tí Limerick na Kilkenny, wọ́n ti sọ bí òjò ṣe pa wọ́n lọ́jọ́ yẹn fún mi tó ìgbà ogún. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni rẹfirí fi kún eré yẹn, Galway sì ń bọ̀ lẹ́yìn kíákíá, bàbá di ọrùn ọwọ́ mi mú wọn ò tú u sílẹ̀. Joe Canning ti Galway wá gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn láti ọ̀nà jíjìn, kò dé òkè igi, Tom Condon ti Limerick fò ó mú, ó sì jáde pẹ̀lú ẹ̀, ó parí. Bàbá ò pariwo rárá. Wọ́n kàn ní kí n bá wọn ṣí dúrọ́ọ̀, síkáàfù aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀ tó ti gbó, wọ́n ní kí n bá àwọn so ó mọ́rùn. Mo so ó. Ọwọ́ èmi náà ń gbọ̀n.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gbé ife náà wọ̀lú ní pápá Gaelic Grounds, mo kó àwọn ọmọ mi jáde. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ pè é ní "àwa". Limerick tún gbà á ní 2020, 2021, 2022 àti 2023, mẹ́rin léra wọn, nítorí náà àwọn ọmọ mi rò pé bó ṣe máa ń rí lọ́dọọdún nìyẹn, àfìgbà tí Cork lé wa jáde ní 2024 ni wọ́n tó mọ̀ pé èèyàn lè sunkún.

Ìbéèrè: Igi lọ́wọ́ ọmọdé! Ṣé kò léwu báyìí?

Ẹ̀rù ba èmi náà. Láti 2010 ni hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó ní irin lójú ti di dandan fún gbogbo ẹni tó bá ń gbá hurling, àgbà àtọmọdé, wọn ò ní jẹ́ kọ́mọ yín wọ pápá láìwọ̀ ọ́. Àwọn kékeré, ìyẹn àwọn ọmọ bíi ọdún márùn-ún, igi kékeré àti bọ́ọ̀lù tó rọ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìka ọwọ́ ló máa ń fara gbá jù, èékánná ọmọkùnrin mi ti dúdú rí, ó sì ti hù padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọbìnrin, ẹ gbọ́ o, torí kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi: irun. Ṣùkú ò lè wọnú hẹ́límẹ́ẹ̀tì láéláé, braids tó nípọn tẹ́ ẹ wá kó jọ sókè kò lè wọ̀ ọ́, ó máa gbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì sókè kúrò níbi tó yẹ kó wà, kò wá ní dáàbò bò ó mọ́. Kòlẹ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ di fún un, kó fẹ̀lẹ́, kó lẹ̀ mọ́ orí, kí ìdí ẹ̀ wà nísàlẹ̀ nípàkọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ẹ dirun fún un kẹ́ ẹ tó mú un lọ wọ̀n. Èmi ra ẹyọ kan danù kí n tó mọ̀.

Ìbéèrè: Èló ni wọ́n ń gbà?

Owó ọdọọdún ni, kílọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ló ní iye tiẹ̀, ti ìdílé sábà máa ń dín ju kẹ́ ẹ sanwó ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ. Tówó ò bá tíì sí, ẹ sọ fún akọ̀wé, ẹ má jókòó sílé nítorí ìtìjú, wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn san án díẹ̀díẹ̀. Igi àti hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ẹ bi wọ́n bóyá èyí táwọn ọmọ míì ti dàgbà jù wà nílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà ṣáá ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra igi tuntun, ẹ jẹ́ kọ́mọ dúró, kẹ́ ẹ gbé igi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó bá egungun ìbàdí ẹ̀ dọ́gba. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ó ti wọ́n, òótọ́ ni. Igi tó ń jẹ́ ash ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, àrùn kan tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Ireland lọ́dún 2012 sì ti ń pa igi yẹn káàkiri, wọ́n wá ń kó igi wá láti ilẹ̀ òkèèrè, àwọn míì ti ń fi ọparun ṣe é. Ẹ lọ sọ́dọ̀ agbẹ́gi tó ń gbẹ́ ẹ fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí i. Ọ̀kan wà tá a máa ń lọ bá, tó bá ń fá igi lọ́wọ́ á máa gbé e wò lójú, á tún fá a díẹ̀, á tún gbé e wò, ó rán mi létí àwọn agbẹ́gilére wa. Tígi bá sán, wọ́n máa ń fi irin pẹlẹbẹ dè é lórí, ẹ má tètè sọ ọ́ nù.

Ìbéèrè: Ma, kò bá mi lára mu bí ọmọ mi ṣe ń pe kọ́ọ̀ṣì tó jẹ́ ẹni ọgọ́ta ọdún ní orúkọ.

Èyí ló ṣòro jù fún mi nínú gbogbo ẹ̀, mi ò ní parọ́. Bí ọmọ mi ṣe pe orúkọ bàbá yẹn ní gbangba lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ara mi bù máṣọ. Mo lọ bẹ bàbá náà, wọ́n wò mí, wọn ò mọ ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Níbí, tó o bá pe àgbà lórúkọ, o ò rí i fín, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fa ara wọn mọ́ra ni. Ohun tá a wá jọ fẹnu kò sí nínú ilé wa ni pé lórí pápá ẹ pè wọ́n bí àwọn ẹgbẹ́ yín ṣe ń pè wọ́n, tẹ́ ẹ bá délé tẹ́ ẹ sì ń sọ̀rọ̀ wọn, ẹ lo "wọ́n", ẹ sọ pé "kọ́ọ̀ṣì sọ pé", ẹ má sọ orúkọ. Ọmọbìnrin mi ṣì ń rọra kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó gba omi lọ́wọ́ wọn. Mi ò ní kó ṣe é, mi ò sì ní kó má ṣe é.

Ìbéèrè: Èmi fúnra mi ńkọ́? Mo ti lé ní ogójì ọdún, ara mi ti wúwo.

Ẹ wá! Fún obìnrin, ètò kan wà tó ń jẹ́ Gaelic4Mothers&Others, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwọn náà ni, ṣùgbọ́n kò sí ìdíje níbẹ̀, àwọn ìyá tí wọn ò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé wọn ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ máa sáré, ẹ máa rẹ́rìn-ín, tíì á tẹ̀ lé e. Fún ọkùnrin náà, ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀bù ní ti àwọn bàbá. Parkrun tún wà ní ọ̀pọ̀ ìlú, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé, kìlómítà márùn-ún, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè rìn ín, ẹnì kan máa ń wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ni kó rìn gbẹ̀yìn kí ẹlòmíì má bàa gbẹ̀yìn.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ sáré, ẹ ní ọwọ́. Ọwọ́ ni kílọ́ọ̀bù ń wá. Ta ni máa se tíì, ta ni máa to kóònù sórí pápá, ta ni máa fi mọ́tò gbé ọmọ mẹ́ta lọ sí mátíìṣì, ta ni máa ta tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń kówó jọ. Èmi, puff-puff ni mo fi wọlé. Wọ́n ń ta kéèkì láti kówó jọ, mo dín puff-puff kún abọ́ ńlá méjì, kò tó ogún ìṣẹ́jú tó fi tán, láti ọjọ́ yẹn ni orúkọ mi ti wà nínú ìwé ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọdé, ọlọ́pàá wọn, ìyẹn Garda, gbọ́dọ̀ yẹ orúkọ yín wò ná, ẹ sì máa ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ọmọdé. Kì í ṣe nítorí pé ẹ jẹ́ àlejò o, gbogbo ọmọ onílùú ló ń ṣe é. Ẹ tètè kọ fọ́ọ̀mù yẹn torí ó máa ń pẹ́.

Ìbéèrè: Sunday ńkọ́?

Tàwọn ọmọ kéékèèké sábà máa ń jẹ́ àárọ̀ Sátidé. Tàwọn àgbà ńláńlá ló máa ń bọ́ sí ọ̀sán Sunday. Àwa máa ń lọ sí ìsìn àkọ́kọ́ tí mátíìṣì bá wà, pásítọ̀ wa náà ti wọ jézì Limerick wá sí ṣọ́ọ̀ṣì rí.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá bú ọmọ mi nítorí àwọ̀ ẹ̀ ńkọ́?

Mi ò ní sọ pé kì í ṣẹlẹ̀, ó ṣẹlẹ̀ sí tèmi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà yẹn, ọmọ kan láti kílọ́ọ̀bù míì pè é ní ohun tí mi ò ní kọ síbí. Ọmọ mi ò sọ fún mi, ẹgbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n sáré lọ sọ fún kọ́ọ̀ṣì, kọ́ọ̀ṣì sì dá eré dúró lójú ẹsẹ̀. Mo wà níbẹ̀ tí mò ń gbọ̀n, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, ìyá òyìnbó kan tí mi ò tíì bá sọ̀rọ̀ rí kàn wá dúró tì mí, kò sọ nǹkan kan.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe rèé. Kílọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹni tí wọ́n ń pè ní Children's Officer, ẹ mọ orúkọ ẹni yẹn àti nọ́ńbà ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá forúkọ ọmọ sílẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, déètì, aago, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, ta ló gbọ́. Ẹ má bá ọmọ ọlọ́mọ jà lórí pápá. Òfin GAA ka ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí ẹ̀ṣẹ̀ tó níyà, ẹ jẹ́ kí òfin ṣiṣẹ́, tí wọ́n bá sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà bò mọ́lẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà lọ sókè. Àwa kọ ọ́, wọ́n sì wá bẹ̀ wá.

Ẹ tún máa fi àwọn tó ti ṣe é hàn wọ́n. Seán Óg Ó hAilpín, ará Fiji ni ìyá ẹ̀, òun ni kápútéènì Cork tó gba ife hurling lọ́dún 2005. Lee Chin ti Wexford, ará Malaysia ni bàbá ẹ̀. Boidu Sayeh tó gbá bọ́ọ̀lù fún Westmeath, Liberia ni wọ́n bí i sí. Chiedozie Ogbene tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Ireland, Èkó ni wọ́n bí i sí, Cork ló dàgbà sí, ó sì gbá Gaelic football fún kílọ́ọ̀bù Nemo Rangers. Ẹ wá má gbàgbé Rhasidat Adeleke, ọmọ Tallaght, àwọn òbí ẹ̀ wá láti Nàìjíríà, ó gbé ipò kẹrin nínú eré 400 mítà ní Òlíḿpíìkì Paris lọ́dún 2024. Alẹ́ ọjọ́ tó sá a, àwọn aládùúgbò wa kan wá wò ó nílé wa, ìyá àgbà kan ń bi mí bí wọ́n ṣe ń pe "Adélékè" gan-an, wọ́n tún un pè títí ó fi dùn létí.

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n tiẹ̀ ní ọjà gidi, àbí súpámákẹ́ẹ̀tì nìkan?

Wọ́n ní, ó sì dùn. Ní Limerick, Milk Market ni, àárọ̀ Sátidé ló kún jù, láti 1852 ló ti wà, wọ́n ti ta aṣọ ńlá bò ó lórí nítorí òjò. Ẹ lọ ní aago mẹ́sàn-án kó tó di pé èrò kún. Ẹ máa rí ẹni tó gbin ànàmọ́ òyìnbó fúnra ẹ̀ tí yẹ̀ẹ̀pẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀, ẹni tó ń ṣe wàràkàṣì, ẹni tó ń ta ápù, ẹlẹ́ja, oníbúrẹ́dì. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè, ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù nìyẹn. Mo sọ fún bàbá kan tó ń ta ànàmọ́ òyìnbó pé iṣu ni mo mọ̀, pé mo fẹ́ èyí tó bá gbẹ tó sì fọ́ dáadáa, wọ́n ní kí n mú Golden Wonder tàbí Kerr's Pink, wọ́n ní kí n má sè é nínú omi púpọ̀. Ọ̀rọ̀ iṣu wá gba wákàtí kan! Wọ́n fẹ́ mọ ẹ̀bẹ, wọ́n fẹ́ mọ bá a ṣe ń gún un, lọ́sẹ̀ kejì mo gbé iṣu kan lọ fún wọn.

Níbí, ojú ọjọ́ ni ìkíni. Àwa á ní "ẹ kú ọjà", àwọn á ní ọjọ́ tutù lónìí, ọjọ́ dára lónìí. Tí òjò bá ń rọ̀ wẹliwẹli, àwọn àgbà á ní "soft day". Ẹ dá wọn lóhùn, ẹ má kàn nawọ́ owó. Tẹ́ ẹ bá ti lọ ní Sátidé mẹ́rin léra wọn, wọ́n á mọ̀ yín, tẹ́ ẹ ò bá wá ní ìkarùn-ún wọ́n á béèrè yín. Ẹ mú àpò dání o, láti 2002 ni wọ́n ti ń gba owó orí lórí ọ̀rá.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè ná an?

Ní Milk Market, iye tí wọ́n kọ síwájú ẹ̀ ni, ẹ má ná an, ojú máa tì wọ́n, ojú á sì ti ẹ̀yin náà. Ṣùgbọ́n tí ọjà bá ti ń tú lọ́sàn-án, àwọn míì máa ń dín búrẹ́dì àti ewébẹ̀ kù fúnra wọn. Ibi táwọn èèyàn ti ń ta nǹkan àlòkù látinú bùùtù mọ́tò, níbẹ̀ ẹ lè ná an dáadáa.

Ibi tí ọjà wọn ti jọ tiwa jù ni ọjà ẹran ọ̀sìn àti ẹṣin. Ọjà ẹṣin Ballinasloe, lágbègbè Galway, tó máa ń wáyé lóṣù October, ẹ lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Olùtajà á sọ iye, olùrà á yí ẹ̀yìn padà bíi pé òun ń lọ, ẹnì kẹta á fà á lápá padà wá, wọ́n á máa gbá ara wọn lọ́wọ́ pàá-pàá títí ọ̀rọ̀ á fi jọ. Mo dúró síbẹ̀, Bódìjà ni mò ń wò. Èyí tó wá pa mí lẹ́nu mọ́ ni pé tówó bá ti dọ́wọ́ olùtajà tán, á mú díẹ̀ nínú ẹ̀ padà fún olùrà, kí orí ọjà náà lè dára. "Luck penny" ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin èèyàn mi, èènì nìyẹn! Àwọn náà mọ èènì.

Tẹ́ ẹ bá láǹfààní, ẹ tún lọ sí Puck Fair ní Killorglin, ní Kerry, August 10 sí 12 lọ́dọọdún. Òbúkọ inú òkè ni wọ́n máa ń mú wá, wọ́n á dé e ládé. Àwọn ọmọ yín ò ní gbàgbé ẹ̀ láyé.

Ìbéèrè: Ṣàkì ńkọ́? Ẹja Titus? Ẹran ewúrẹ́?

Ṣàkì! Oúnjẹ àwọn àgbà Limerick gan-an ni, "packet and tripe" ni wọ́n ń pè é, ṣàkì ni wọ́n á fi wàrà àti àlùbọ́sà sè pẹ̀lú sọ́séèjì tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ wọn ti ń sá fún un. Lọ́jọ́ tí mo béèrè ṣàkì lọ́wọ́ alápatà, ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn mi gbá mi mọ́ra, wọ́n ní ó ti pẹ́ táwọn ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé. Tiwọn ti funfun báláú, wọ́n ti fọ̀ ọ́ kọjá ààlà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó dúdú bíi tilé, ẹ bẹ alápatà kó bá yín béèrè.

Titus, makerẹ́ẹ̀lì ni, omi wọn kún fún un nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní èbúté Killybegs ní Donegal, ọkọ̀ apẹja máa ń kó Titus àti kote jáde, wọ́n á sọ ọ́ di yìnyín, Nàìjíríà sì wà lára ibi tí wọ́n ń kó o lọ. Nítorí náà Titus tẹ́ ẹ jẹ nÍbàdàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi ibí ló ti wá. Èyí tútù yọ̀yọ̀ tẹ́ ẹ máa rí ní Sátidé, ẹ fi ata díẹ̀ sè é, ẹ ó rí i pé ẹja míì ni. Ẹran ewúrẹ́, àwọn ará ibí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn Mùsùlùmí.

Ìbéèrè: Èmi ò sí ní Limerick o.

Dublin, Moore Street, àwọn ìyá onífúrúùtù ayé àtijọ́ ń bẹ níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa náà wà nítòsí, ibẹ̀ sì làwọn aṣáájú ìjà òmìnira 1916 sá sí kẹ́yìn kí wọ́n tó túúbá. Cork, English Market, láti 1788. Galway, ọjà Sátidé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas.

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní ká jọ lọ wo rugby ní Thomond Park. Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀?

Tí ẹnì kan bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sí òpó, ẹ dákẹ́. Gbogbo pápá ló máa dákẹ́ lọ lọ́ọ́lọ́ọ́, ìbáà jẹ́ ọ̀tá ló fẹ́ gbá a. Ẹ sì mọ October 31, 1978, ọjọ́ tí Munster, ẹgbẹ́ rugby agbègbè wa níbí, na New Zealand 12-0 ní pápá yẹn. Wọ́n máa sọ ọ́ fún yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn ọmọ á di òyìnbó pátápátá.

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Àwọn ará Limerick máa ń pariwo "Luimneach abú!" tàbí "Up Limerick!" Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, bàbá mi ni mo rántí, ìyẹn àwọn tó máa ń wọ ọkọ̀ lọ wo Shooting Stars, tí wọ́n máa ń pariwo "Up Shooting!" títí ohùn wọn á fi há, tí wọ́n máa ń sọ ti ife Áfíríkà tí Shooting gbà lọ́dún 1976 bí ẹni pé àná ni. Mo sọ ìtàn yẹn fún ọmọ mi nínú mọ́tò bá a ṣe ń bọ̀ láti pápá. Hurling ló jẹ́ kó fẹ́ gbọ́ ìtàn bàbá mi, kó tó dìgbà yẹn tí n bá bẹ̀rẹ̀ á ki earphone bọ etí.

Oríkì ẹ̀ ni Àjàní. Tó bá gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, ẹnu mi ò lè pa mọ́, màá máa kì í láti ẹ̀gbẹ́ pápá, "Àjàní ọkọ mi!" Àwọn ìyá tó kù rò pé orúkọ ẹ̀ kejì ni, wọ́n ní kí n kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń pè é. Báyìí, tó bá gba bọ́ọ̀lù, ẹ máa gbọ́ ohùn òyìnbó mẹ́fà méje lẹ́ẹ̀kan náà, "Go on, Àjàní!"

Ìbéèrè: Ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ni ká mú dání?

Bàtà bọ́ọ̀lù, omi, aṣọ tó fún mọ́ra tí wọ́n á wọ̀ sábẹ́ jézì, ìbọ̀sẹ̀ méjì torí èyí àkọ́kọ́ máa tutù. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ wọ bàtà òjò, kóríko wọn kì í gbẹ. Ẹ má jókòó sínú mọ́tò kẹ́ ẹ máa wò wọ́n látinú gíláàsì, gbogbo wa la ṣe é rí, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ lọ dúró ti ẹni tó bá dá dúró, ẹ sọ pé òtútù yìí mà pọ̀ o, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ara yín fún un.